Àga Kílò Mẹ́tàlélógún

Àga mẹ́rin ló ṣófo nínú ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, síbẹ̀ ọkùnrin tó ń wọlé bọ̀ ru àga tirẹ̀ lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ kí ẹsẹ̀ àga má baà gbá àtẹ́rígbà, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú tábìlì ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó sì jókòó lé e bí ẹni tó dé ilé ara rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà gbójú kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo àga, ó tún wo ọkùnrin náà. Ìyẹ̀fun pákó wà nínú irun rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé àga tiwa ò dáa ni?"

"Ẹ káàárọ̀. Ó dáa, àmọ́ èyí tó wà lápá òsì yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń gbọ̀n. Bí ẹni tó sanra bá fi lè jókòó síbẹ̀, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀."

Kí ọmọbìnrin náà tó fèsì, ọkùnrin náà ti dìde. Ó yọ ègé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú àpò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a wọ oríkèé àga náà lẹ́ẹ̀mejì. Àga tó ti ń gbọ̀n láti ọdún tó kọjá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kí n má parọ́ fún yín, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti wá gbéra ga níwájú tábìlì yẹn, ṣùgbọ́n òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó tún nǹkan ṣe láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́.

Káfíńtà ni, àga nìkan ló sì ń kàn. Ó ṣàlàyé ohun tó bá wá: ilé ìkàwé ńlá kan ní ìlú tó jìnnà réré ń wá ẹni tó máa kan igba àga fún wọn. Kí oníkálukú gbé àga kan wá, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n jókòó lé e, kí wọ́n mú ẹni tó bá wù wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

"Tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kéré jù ni mo fẹ́," ó ní. "Èmi àti àga mi."

"Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló máa jókòó?"

"Èmi ni. Òun ti jókòó tó. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ sínú ẹrù."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kó ara rẹ̀ níjàánu, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Iye owó mẹ́ta ló tò síbẹ̀ fún bàálù kan ṣoṣo.

"Ẹ dúró ná," ni káfíńtà wí. "Ṣé ìjókòó mẹ́ta yìí kì í ṣe irú kan náà?"

"Irú kan náà ni."

"Ìlà kan náà, tìmùtìmù kan náà?"

"Kò sí ìyàtọ̀."

"Kí ló wá fà á tí iye rẹ̀ fi di mẹ́ta? Ẹ má bínú o, iṣẹ́ mi ni àga. Mi ò tíì rí àga kan tó ní iye mẹ́ta rí."

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe àga lẹ̀ ń rà lọ́wọ́ wa. Ohun tí wọ́n so mọ́ àga ni." Ó fa bébà kan jáde, ó fa ìlà mẹ́ta sí i. "Èyí tó kéré jù rèé: ẹ̀yin àti báàgì kékeré kan tó lè wọ abẹ́ ìjókòó. Kò sí ẹrù ńlá. Ibi tí wọ́n bá fi yín sí lẹ máa jókòó. Ọjọ́ rẹ̀ ò ṣeé yí padà, tẹ́ ẹ ò bá sì lọ, owó yín ti jóná. Ti àárín nìyí: báàgì ọwọ́, pẹ̀lú ẹrù kan tí kò ju kílò mẹ́tàlélógún lọ. Ẹ lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà, àmọ́ ẹ máa san nǹkan lé e. Ti òkè wá rèé: ẹrù méjì, ẹ máa yan ibi tó wù yín, ẹ lè yí ọjọ́ padà láìsan nǹkan kan, tí ìrìn àjò bá sì yẹ̀, wọ́n á dá owó yín padà."

"Á à! Bówó bá ti mọ, loògùn ń mọ."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe yín kẹ́ ẹ tó ra oògùn. Ẹ gbé àga yẹn sórí òṣùwọ̀n."

Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àga náà gùn ún: kílò márùndínlọ́gbọ̀n ààbọ̀.

"Ó fi kílò méjì ààbọ̀ lé," ọmọbìnrin náà ní. "Owó tí wọ́n ń gbà lórí ìwọ̀n tó lé yẹn kì í ṣe kékeré o."

"Mi ò ní san án. Màá fá a."

"Ẹ máa fá àga?"

"Igi ló kúkú jẹ́. Ẹ máa wò ó."

Ó gbé àga rẹ̀ sórí, ó bẹ̀rẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin náà dìde lọ jókòó lórí àga apá òsì. Ó mì í síwá, ó mì í sẹ́yìn, kò gbọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín lóun nìkan, ọ̀gá rẹ̀ obìnrin sì rí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, káfíńtà padà dé. Kílò márùndínlọ́gbọ̀n géérégé. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó dín díẹ̀. Òṣùwọ̀n kan wà ní ilé ìtajà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ o, òṣùwọ̀n tó péye. Èmi mọ̀, òun náà mọ̀. Àmọ́ ó ń ru àga la títì mẹ́fà kọjá, ó ní òun ò fọkàn tán èyíkéyìí àyàfi ti ọ́fíìsì yìí.

Gbogbo ìgbà tó bá wá ló ń gbé ìbéèrè dání. Ọmọbìnrin náà sọ ọ́ ní Alága, nítorí kì í dé láìru àga. Òun náà sọ ọmọbìnrin náà ní Tíṣà.

"Tíṣà, téèyàn bá pẹ́ dé pápákọ̀ ńkọ́?"

"Tó bá jẹ́ tó kéré jù, ó ti jóná."

"Tó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ ni kò yá ńkọ́?"

"Ó jóná náà ni, Alága."

"Tó bá wá jẹ́ pé ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un ni kò jẹ́ kó rí oorun sùn ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tí kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀.

"Ìyẹn ò sí nínú ìwé òfin wa," ó ní.

"Ẹ tún un wá dáadáa."

"Mo ti wá a. Láti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ ni mo ti ń wá a."

Ọ̀gá tó wà ní tábìlì ẹ̀yìn húkọ́, ó ní òun fẹ́ lọ ra omi, bẹ́ẹ̀ ìgò omi mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Nígbà tó fi máa padà, àwọn méjèèjì ti ń pe ara wọn ní ìwọ, àga sì wà láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n jọ ń rìn lọ sílé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Alága pẹ̀lú àga lórí, Tíṣà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Ìfẹ́ náà wọ̀ wọ́n lára ṣinṣin. Kò sí ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ, títí kan ti ìgbéyàwó.

Ọ̀rọ̀ bàbá Tíṣà ló kù. Ọdún méjìlélógún ni bàbá yìí fi kó ẹrù sínú bàálù kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn tó sì fi tì í, ẹ̀yìn tó bà jẹ́ ni. Àwọn èèyàn á kọ ogún kílò sára ẹrù tó jẹ́ ogójì, wọ́n á fún ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ní nǹkan lábẹ́lẹ̀, ẹni tó máa gbé e ni yóò jẹ̀yà rẹ̀. Ní báyìí, bàbá kò lè jókòó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó má dìde nà. Àkọ́bí rẹ̀ tó ń gbé ní ìlú mìíràn ti ní kó wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ òun fún oṣù mẹ́fà, àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni bàálù rẹ̀ máa gbéra. Ti òkè ni Tíṣà rà fún un, gbogbo ìgbà ló sì fi ń ṣàròyé.

"Ẹrù méjì! Kí ni mo fẹ́ kó sínú ẹrù méjì? Ó tún ṣeé yí padà! Èmi tí mi ò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí, ìgbà wo ni mo fẹ́ yí ọjọ́ padà?"

"Bàbá, ẹni tára rẹ̀ ò le kì í ra tó kéré jù."

Nígbà tí Tíṣà wá sọ ti Alága fún un, ó fajú ro.

"Káfíńtà. Tí kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ á dé tàbí kò ní í dé."

"Ẹ kọ́kọ́ rí i ná, Bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dáa. Sọ́ńdè, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mi ò gbọ́ mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú kan. Bàálù kì í dúró de èèyàn, èmi náà kì í dúró. Tí kò bá dé, kó má wulẹ̀ wá mọ́. Mi ò lè fi ọ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tí mi ò fojú rí."

Tíṣà mọ̀ pé bàbá òun kì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, àwọn méjèèjì nìkan ló kù nílé fún ara wọn. Kò sì ní lọ sílé ọkọ kankan tí bàbá rẹ̀ ò fọwọ́ sí.

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó fi gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ṣètò ìrìn àjò Alága. "Tí o bá yege, wọ́n á gba àga yìí sílẹ̀ níbẹ̀. Tí o ò bá yege ńkọ́?"

"Màá tà á kí n tó kúrò níbẹ̀."

"Nígbà náà, ti àárín la máa rà fún àlọ torí àga, tó kéré jù fún àbọ̀. Sọ́ńdè, aago mọ́kànlá ààbọ̀ àárọ̀. Wàá ti délé kó tó di aago mẹ́rin."

"Orí ẹ pé, Tíṣà!"

Inú òun náà dùn sí ara rẹ̀. Ẹ fojú sí ibi inú dídùn yẹn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Alága gbé àga sórí òṣùwọ̀n fún ìgbà ìkẹyìn. Ẹ̀yìn àga ló fá jù, ó ti gbẹ́ ẹ wọnú fẹ́ẹ́rẹ́. Kílò méjìlélógún àti díẹ̀! Tíṣà pariwo, ọ̀gá pàtẹ́wọ́, ọkùnrin kan tó wá béèrè iye owó tíkẹ́ẹ̀tì pàtẹ́wọ́ tirẹ̀ náà láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàálù gbé Alága lọ.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, Tíṣà ń lọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ ní aago mẹ́rin. Bàbá rẹ̀ dúró ti fèrèsé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fóònù dún. Torí pé áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ́ kí ohùn náà máa jáde síta.

"Tíṣà mi! Wọ́n mú mi! Igba àga, èmi ni wọ́n gbé e fún!"

Tíṣà fò sókè. "Olúwa mi o! Alága! Igba!"

"Ibi tí mo fá lẹ́yìn àga yẹn gan-an ni wọ́n ní ó dùn jókòó jù. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ọ̀wọ́n. Wọ́n ní kí n gbé àga náà padà, kí n máa fi wọn àwọn yòókù."

Tíkẹ́ẹ̀tì tó kéré jù! Kò sí ẹrù nínú rẹ̀, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló fi ọgbọ́n ara rẹ̀ yọ ọ́.

"Mo ti wà ní pápákọ̀," Alága ń bá a lọ. "Wọ́n ní irú tíkẹ́ẹ̀tì yìí, àwọn kì í gba ẹrù lé e níbí, à fi kí wọ́n ti fi kún un tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n fún òun ní nǹkan, òun á gbé e gba ẹ̀yìn wọlé láìwọ̀n ọ́n."

"Kí lo wí fún un?"

"Mo ní rárá. Ṣé bàbá ẹ kọ́ ni mò ń bọ̀ wá rí? Irú nǹkan yẹn ló ba ẹ̀yìn wọn jẹ́. Ojú wo ni màá fi wò wọ́n?" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àmọ́ mi ò lè fi àga sílẹ̀, Tíṣà. Èèyàn mẹ́fà ló ń retí iṣẹ́ yìí ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò sì lè pàdánù rẹ. Kọ́ mi ní ohun tí mo máa ṣe."

Bàbá yí padà láti ojú fèrèsé.

"Kílò mélòó ni àga yẹn?"

"Méjìlélógún àti díẹ̀, Bàbá. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀."

"Kí ló ṣe sí i?"

"Ó fá a. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi fá a."

Bàbá gbé ife tíì kalẹ̀. "Kó tó ku wákàtí mélòó kí bàálù gbéra ni wọ́n lè fi ẹrù kún un?"

"Wákàtí mẹ́ta. Aago mẹ́jọ ààbọ̀. Láti ọ́fíìsì tó tà á nìkan ni, Sọ́ńdè sì lòní, a ti tìlẹ̀kùn!"

"Kí lo wá ń dúró ṣe níbí? Sáré!"

Ó sáré. Bàbá ló yọ áyọ́ọ̀nù lára iná. Sálúbàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ Tíṣà, ọ̀kan já bọ́ ní títì kejì, kò bojú wẹ̀yìn. Òkè ọ́fíìsì ni ọ̀gá rẹ̀ ń gbé. Tíṣà lu ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ gbàgbàgbà títí ọ̀gá fi yọrí lójú fèrèsé, aṣọ oorun sì wà lára rẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé iná ń jó ni?"

"Ẹrù ni, Mà! Ẹrù Alága! Ẹ ju kọ́kọ́rọ́ sí mi!"

Kọ́kọ́rọ́ já bọ́ láti òkè, Tíṣà gán an. Kọ̀ǹpútà yẹn, tó máa ń yára tí kò bá sí iṣẹ́, wá ń fa ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi tí kò wù ú. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ló ṣí. Tíṣà ṣí orúkọ Alága, ó wá ibi tí wọ́n ti ń fi ẹrù kún un, ó tẹ̀ ẹ́. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó wọlé!

Ó pe Alága. "Lọ gbé e sórí òṣùwọ̀n wọn. Má wo ojú ẹnikẹ́ni."

Ó gbọ́ ariwo pápákọ̀, ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń ka nọ́ńbà, lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹ̀rín.

"Wọ́n ti lẹ bébà mọ́ ọn lára, Tíṣà. Ó ti ń lọ! Ó dùbúlẹ̀ bí ọba!"

Tíṣà jókòó sórí àga apá òsì, ó bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pa pọ̀.

Láti aago mẹ́ta ni bàbá ti dúró síwájú fèrèsé pẹ̀lú aago rẹ̀ lọ́wọ́. Tíṣà ò lè wo òde. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, bàbá ní, "Ó jọ pé àga kan ń sáré bọ̀."

Òótọ́ ni. Alága ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títì, àga lórí, òógùn ti rin ẹ̀wù rẹ̀ gbingbin. Ó bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ àtẹ́rígbà, ó sọ àga kalẹ̀, ó kí bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá dáhùn, àmọ́ àga ló ń wò. Ó tẹ̀ síwájú, ó ka nọ́ńbà tó wà lára bébà pápákọ̀, ó sì na ọwọ́ sí i.

"Bàbá, ẹ̀yìn yín o!" Tíṣà ké.

Bàbá ti gbé e kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó dijú, ó tún gbé e kalẹ̀.

"Iye tí wọ́n kọ sí i náà ló wọ̀n," ó ní. "Ká ní gbogbo ẹrù tí mo gbé láyé mi rí bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bá ṣì máa sáré."

Ó jókòó lé àga náà. Ibi tí Alága gbẹ́ wọnú gba ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ra. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, bàbá kò dìde. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, ó ń béèrè nípa iṣẹ́, nípa igi, nípa àwọn èèyàn mẹ́fà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò dìde. Tíṣà ń ka ìṣẹ́jú náà nínú, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Kí lo wá ṣe níbí?" bàbá béèrè níkẹyìn.

"Ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́, sà. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gidigidi."

Bàbá yíjú sí Tíṣà. "Tíkẹ́ẹ̀tì mi tí mò ń bá ọ jà sí yẹn. Ṣé o ní ó ṣeé yí padà láìsan nǹkan kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Yí i padà."

"Sí ọjọ́ wo?"

"Ṣé èmi ló yẹ kí n sọ ọ́? Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ mú ọjọ́. Mi ò lè wà lójú òfurufú lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi." Ó fẹ̀yìn ti àga dáadáa. "Ẹ yára lọ kẹ́ ẹ tó pẹ́ jù. Èmi ò ní dìde níbí."

Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú jáde, wọ́n sì forí lé ọ́fíìsì. Ní títì kejì, Alága rí sálúbàtà Tíṣà tó já bọ́ láàárọ̀, ó gbé e, ó kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà kan lẹ́sẹ̀ Tíṣà, ó sì wọ sálúbàtà náà sí i lẹ́sẹ̀.

"Tíṣà," ó ní láti ibi tó kúnlẹ̀ sí, "àwa ńkọ́? Nínú mẹ́ta yẹn, èwo ni ká mú?"

"Tó kéré jù."

"Èyí tí kò ní ẹrù?"

"Èyí tí kò ṣeé yí padà."

Ọ̀gá ti yọrí lójú fèrèsé. Kò béèrè nǹkan kan, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí wọn.